Olómi ni gbogbo wọn, àmọ́ ta ló ń gbáni jù?

Ẹni tó bá ń kó tíìmù Pokémon (àwọn ẹ̀dá inú gèémù tó máa ń bára wọn jà) jọ fún ìdíje gidi, kì í ṣe ti ìtàn inú gèémù yẹn o, àárín àwọn olómi ló ti máa ń kọ́kọ́ sọnù. Wọ́n pọ̀ jù, wọ́n sì jọra wọn. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Èèyàn á lọ wo nọ́ńbà wọn, á rí i pé Attack (agbára ìgbáni) Barraskewda jẹ́ 123, ti Azumarill 50 péré, á ní ó tán, ehoro aláwọ̀ búlúù yìí ò lè pa eṣinṣin. Wọ́n á dé pápá, ehoro yẹn á fi ìkọlù kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Aqua Jet gbé e lulẹ̀.

Nọ́ńbà tó rí yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò ni. Ní lẹ́fẹ́lì 50 tí wọ́n fi ń díje, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po 2, wọ́n á fi IV (nọ́ńbà tí wọ́n bí mọ́ ọn) tó jẹ́ 31 kún un, wọ́n á fi 63 tí EV (máàkì ìdánilẹ́kọ̀ọ́) 252 ń mú wá kún un, wọ́n á pín in sí méjì, wọ́n á fi 5 lé e, tí nature ẹ̀, ìyẹn ìwà ẹ̀, bá wá jẹ́ Adamant tó ń gbé Attack ga, wọ́n á tún fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún bù kún un. Barraskewda á jẹ́ 192, Azumarill á jẹ́ 112. Ibí yìí ni Huge Power ti wọlé. Ability ni, ìyẹn ẹ̀bùn tí wọ́n bí mọ́ ọn, iṣẹ́ tó sì ń ṣe kò ju pé ó ń sọ Attack di méjì lẹ́yìn gbogbo ìṣirò yẹn. 112 di 224. Ó ti kọjá Barraskewda nìyẹn, ó kọjá Gyarados tó jẹ́ 194, ó kọjá Urshifu tó jẹ́ 200 pàápàá.

Crawdaunt gba ọ̀nà míì. Pokémon tó bá lo ìkọlù tó jẹ́ irú tiẹ̀, gèémù máa ń sọ agbára ìkọlù náà di ìlọ́po 1.5. Adaptability tó wà lára Crawdaunt sọ ọ́ di 2. Attack tiẹ̀ jẹ́ 189, agbára Aqua Jet jẹ́ 40, torí náà 189 lọ́nà 40 lọ́nà 2 jẹ́ 15,120. Ti Azumarill, 224 lọ́nà 40 lọ́nà 1.5, jẹ́ 13,440. Barraskewda tí ojú ewé ń pọ́n lé, 11,520. (Kì í ṣe iye ìyà tí ẹni tí wọ́n gbá máa jẹ nìyẹn o, Defense (agbára ìgbèjà) tiẹ̀ ṣì máa wọ̀ ọ́, gèémù náà á tún ṣa nọ́ńbà kan láàárín 85 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹnì kan náà làwọn méjèèjì fẹ́ gbá, ìṣirò yìí tó fi mọ ẹni tó le jù.) Ìyàtọ̀ kan wà ṣá: ìkọlù omi àti ti òkùnkùn tó jẹ́ ti Crawdaunt nìkan ni Adaptability ń ràn lọ́wọ́, Huge Power ò bèèrè, ohunkóhun tí Azumarill bá fi gbáni, ó wà ńbẹ̀.

Feraligatr, ọ̀nì ilẹ̀ Johto yẹn, èèyàn ò kì í kà á sí, Attack ẹ̀ ò ju 105 lọ. Sheer Force, ability tiẹ̀, lọ̀rọ̀ ẹ̀. Ìkọlù tó bá ní àfikún, bíi Liquidation tó lè dín Defense ẹni kù, Sheer Force á gba àfikún yẹn kúrò, á fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára ẹ̀. Tó bá wá gbé Life Orb dání, tó máa ń fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún míì kún un, tó sì máa ń jẹ ìdá kan nínú 10 ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gbé e, lórí irú ìkọlù báyìí kò ní jẹ nǹkan kan. Ọ̀fẹ́ ni! 172 lọ́nà 85 lọ́nà 1.5 lọ́nà 1.69, ó lé ní 37,000. Crabhammer Crawdaunt tí ò gbé nǹkan kan dání jẹ́ 37,800, ó sì lè tàsé lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́wàá, Liquidation kì í tàsé. Àmọ́ Aqua Jet ò ní àfikún kankan, Sheer Force ò dá sí i, Life Orb á sì gba owó ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti spíìdì, torí agbára tó bá pẹ́ kó tó dé, òkú ni yóò bá. Floatzel àti Barraskewda ni wọ́n jọra jù nínú gbogbo wọn: omi pọ́ńbélé ni méjèèjì, méjèèjì ní Swift Swim tó ń sọ spíìdì di ìlọ́po 2 tí òjò bá ń rọ̀, ara ò sì ní méjèèjì, ẹ̀ṣẹ́ gidi kan ti pọ̀ jù fún wọn. Barraskewda yára jù, 136 sí 115, Attack ẹ̀ náà pọ̀ jù, 123 sí 105, lójú ẹni tó ń ka nọ́ńbà ẹjọ́ ti parí. Kò tíì parí. Floatzel ní Wave Crash tí agbára ẹ̀ jẹ́ 120, Liquidation tó jẹ́ 85 ni Barraskewda fi ń gbọ́ bùkátà. Tí òjò bá ti fi ìdajì tiẹ̀ kún ìkọlù omi, Floatzel á jẹ́ 46,440, Barraskewda á jẹ́ 36,720. Ẹni tí Attack ẹ̀ kéré ló ń gbáni jù. Lóòótọ́ Wave Crash máa ń dá ìdá kan nínú 3 ìyà tó fi jẹni padà sára ẹni tó lò ó, ṣùgbọ́n Floatzel ò kúkú wá síbẹ̀ láti pẹ́.

Spíìdì Barraskewda ńkọ́? Nínú òjò, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Floatzel Adamant jẹ́ 167, òjò sọ ọ́ di 334. Dragapult tí spíìdì ẹ̀ jẹ́ 142 lójú ewé, kí wọ́n fún un ní EV pé, kí nature ẹ̀ jẹ́ ti spíìdì, kó tún gbé Choice Scarf tó ń sọ spíìdì di ìlọ́po 1.5, 319 ló máa dé. Barraskewda á jẹ́ 376, òun náà á kọjá Dragapult, àmọ́ kò sí èrè kankan lórí 42 tó fi ju Floatzel lọ, ẹni tó ṣíwájú ti ṣíwájú. Ìgbà tí òjò bá dá ló máa ń gbẹ̀san. Òjò tí Drizzle, ability Pelipper, ń mú wá, ráùndì 5 ló ń lò, tó bá gbé Damp Rock, 8. Lẹ́yìn yẹn, Barraskewda Jolly (nature tó ń gbé spíìdì ga) jẹ́ 206, ó ṣì ń ṣíwájú Greninja tó jẹ́ 191, Floatzel Jolly tó jẹ́ 183 á máa wò ó lẹ́yìn. Ẹni tí tíìmù ẹ̀ lè pe òjò padà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, kó mú Floatzel. Kí gèémù 2013 tó jáde, òjò Drizzle ò kì í dá rárá àfi tí ojú ọjọ́ míì bá lé e lọ, ìdí nìyẹn tí Smogon (ẹgbẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣòfin ìdíje) fi ní lọ́dún 2011 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó Drizzle àti Swift Swim sínú tíìmù kan náà ní OU, ìpele ìdíje wọn tó gbajúmọ̀ jù.

Ehoro wa náà kì í sáré, 50 ni spíìdì ẹ̀, Aqua Jet tó máa ń ṣíwájú ìkọlù lásán ló fi ń tọ́jú ara ẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò á fún un ní Belly Drum: á gé ìdajì ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀, Attack á di ìlọ́po 4, Aqua Jet 13,440 yẹn á di 53,760. Wọ́n á gbé Sitrus Berry fún un kó fi rọ́pò ẹ̀jẹ̀ tó lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Tí wọ́n bá rọ EV 252 sínú HP (ẹ̀jẹ̀ ẹ̀), á jẹ́ 207. Belly Drum á gé 103, 104 á kù, 104 sì ju ìdajì lọ, Sitrus Berry ò ní ṣiṣẹ́, èèyàn á kàn máa wo èso náà lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Tí wọ́n bá fún un ní 244 dípò 252, HP á jẹ́ 206, 103 á lọ, 103 á kù, ìdajì gééré, ó jẹ èso náà lójú ẹsẹ̀, 51 wọlé, ó di 154. EV 8 péré ló wà láàárín méjèèjì.

Palafin ò tiẹ̀ yẹ kó wà lẹ́gbẹ́ àwọn yìí. Tó bá kọ́kọ́ wọlé, Attack ẹ̀ 70 ni, aláìlágbára, tó bá jáde tó padà wọlé ó di 160. Jet Punch tiẹ̀ tó ń ṣíwájú bíi Aqua Jet jẹ́ agbára 60, ìṣirò ẹ̀ jẹ́ 20,970, kò sì gé ẹ̀jẹ̀, kò lu ìlù kankan. Smogon lé e kúrò ní OU. Owó tó ń san ò ju ráùndì kan tó fi jáde lọ.

Urshifu olómi ní tiẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Surging Strikes ń gbáni, 25 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ sì jẹ́ critical (ẹ̀ṣẹ́ tó ń di ìlọ́po 1.5), 33,750 lápapọ̀. Kì í ṣe òun ló pọ̀ jù, àmọ́ critical ò mọ Intimidate tó ń dín Attack kù, kò mọ Reflect tó ń dín ìyà kù, Focus Sash tó ń gbani lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ́ kan ò sì lè gba ẹnikẹ́ni là torí ẹ̀ṣẹ́ kejì ti dé. Tí ọ̀tá bá gbé Rocky Helmet, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló máa gún un, ìdajì ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti lọ.

Ohun tó kù tó ń ya àwọn tó jọra ni ìgbà tí omi ò bá wọlé. Dragonite ń gba omi ní ìdajì, Azumarill á fi Play Rough dá a lóhùn, Crawdaunt á fi Knock Off gba ohun tó gbé dání. Ẹ wá wo Floatzel tó gbé Choice Band, tó ti yan Wave Crash, tí ò lè yí i padà àfi tó bá jáde, tí Gastrodon tó ní Storm Drain wá wọlé. Òjò ń rọ̀, spíìdì 334, agbára rẹpẹtẹ, Gastrodon kàn jókòó síbẹ̀ ó ń mu omi ọ̀fẹ́, Special Attack ẹ̀ sì ń ga sí i.