Ẹ̀yin obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ní jíìmù, ẹ fi fóònù sílẹ̀, ẹ mú báírò

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí obìnrin tuntun kì í wọ jíìmù wa ní Adó-Èkìtì, fóònù á sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kí mi. Fídíò ló fẹ́ fi hàn mí. Ọmọbìnrin kan ń fò gun àpótí nínú èyí, òmíràn fi rọ́bà so orúnkún méjèèjì nínú ìyẹn. "Kóòṣì, èyí ni mo fẹ́ máa ṣe." Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, fídíò mìíràn ló máa gbé wá. Kó tó di oṣù kẹta, á ní jíìmù ò ṣiṣẹ́ fún òun, a ò sì ní rí i mọ́.

N kò ní sọ̀rọ̀ nípa bàtà, aṣọ àti omi mímu. Àgbà ni yín. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó lóyún, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kó kọ́kọ́ rí dókítà kó tó fọwọ́ kan irin. Ẹni tí ìtọ̀ máa ń jò lára rẹ̀ tó bá gbé nǹkan láti ìgbà tó ti bímọ, kó sọ fún wa. Kì í ṣe ohun ìtìjú, ó sì ní ìtọ́jú.

Ètò tó yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kéré débi pé àwọn kan máa ń rò pé mo fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún wọn. Nǹkan márùn-ún péré ni. Ẹ ó di irin mú, ẹ ó lóṣòó, ẹ ó dìde. Ẹ ó gbé irin láti ilẹ̀. Ẹ ó ti irin sókè kọjá orí. Ẹ ó tẹ̀ síwájú láti ìbàdí, ẹ ó sì fa irin mọ́ ìhà. Ẹ ó gbé irin dání lọ́wọ́ méjèèjì, ẹ ó máa rìn. Itan, ìdí, ẹ̀yìn, èjìká, apá, àti ikùn tí ẹ torí ẹ̀ wá, kò sí èyí tí iṣẹ́ yìí ò kàn. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, Ọjọ́ Ẹtì. Bí ọjà ò bá jẹ́ kí ẹ ráyè, ẹ wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà fi ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó ń fún iṣan lágbára. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa wá lójoojúmọ́, ẹ jókòó sílé lọ́jọ́ ìsinmi, torí ìgbà tí ẹ bá ń sinmi ni iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni pé irin gbọ́dọ̀ máa wúwo sí i. Dumbbell (irin kékeré tí a ń fi ọwọ́ kan gbé) kílò 1 aláwọ̀ píńkì wà ní jíìmù wa, mo sì mọ àwọn tó ti ń fì í láti ọdún tó kọjá. Ìwọ̀n tó bá ti mọ́ ara lára, ara kì í yí padà nítorí rẹ̀ mọ́. Ẹ lè làágùn títí, kò sí nǹkan kan tí yóò yàtọ̀.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ síbẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ gbé, kílò mélòó, ìgbà mélòó. Ìwọ̀n tí ẹ lè gbé nígbà 8 láìṣe pé ara yín wọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà 8 yẹn ni sẹ́ẹ̀tì kan. Sẹ́ẹ̀tì 3 ni, ẹ sì sinmi ìṣẹ́jú 2 láàárín wọn. Ìsinmi gidi, ẹ má máa fò kiri. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ gbìyànjú 9, kí ẹ tún gbìyànjú 10. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e nígbà 12 nínú sẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ẹ sì mọ̀ nínú ara yín pé ẹ ṣì lè fi méjì lé e, ẹ fi kílò 2 tàbí 2.5 kún irin náà, kí ẹ padà sí ìgbà 8. Jíìmù mìíràn ò ní irin kéékèèké, kílò 5 ni wọ́n máa ń fi kún un lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé èyí tó wà lọ́wọ́ yín dé ìgbà 15 kí ẹ tó kọjá sí òmíràn. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tó gbé lọ́sẹ̀ tó kọjá náà ló máa tún gbé, á sì rò pé òun ń tẹ̀síwájú. Ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè ìwé kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ìdí irin. Wọ́n ní mo le. Mo le lóòótọ́, ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni ò sì tíì bàjẹ́ lábẹ́ mi.

Oṣù mẹ́ta lórí ètò kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, agbára yín á máa pọ̀ sí i kíákíá, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí nǹkan kan nínú dígí. Ọpọlọ àti iṣan ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa jọ ṣiṣẹ́, iṣan fúnra rẹ̀ ò tíì nípọn. Àsìkò yìí gan-an ni ẹ máa ń lọ wá fídíò mìíràn! Ara ríro ọjọ́ kejì kì í ṣe àìsàn, kì í sì í sábà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n bí oríkèé bá ń gún yín bí abẹ́rẹ́, ẹ dúró, ẹ pè mí.

"Kóòṣì, mi ò fẹ́ yọ mọ́sù bí ọkùnrin." Èròjà ara tí wọ́n ń pè ní testosterone ló ń mú mọ́sù ọkùnrin yọ, èyí tó wà lára ọkùnrin sì ju ti obìnrin lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adijat Olarinoye gba wúrà irin gbígbé fún Nàìjíríà ní Ìdíje Commonwealth ní Birmingham lọ́dún 2022. Àpapọ̀ ohun tó gbé jẹ́ kílò 203, láàárín àwọn obìnrin tí ara wọn ò ju kílò 55 lọ. Ẹ wo àwòrán rẹ̀, kí ẹ wá fi ibi tó ti di ọkùnrin hàn mí. Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ nìyẹn, dumbbell kílò 3 ló wá ń já ẹ̀yin láyà.

Àwọn mìíràn ní irin ń yí ilé ọmọ padà. Ìyá tó ń sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ ti gún iyán ní Èkìtì níbí láti kékeré. Ó ti ru kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 dé ilé láìmọye ìgbà, kílò 25 gbáko lórí, ó sì bímọ. Ọ̀pá irin tó gùn jù ní jíìmù wa, láìtíì fi nǹkan kan sí i, kílò 20 ni. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ́ yín láti gbé e kí ẹ̀yìn tọ́, kí ìdí sún sẹ́yìn, kí orúnkún tẹ̀, kó má jẹ́ ẹ̀yìn nìkan ni yóò máa jìyà. Àwọn ìyá tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ló tilẹ̀ nílò irin jù, torí egungun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ láti ìgbà náà, irin gbígbé sì wà lára ohun tó ń gbà á sílẹ̀. Àwọn gan-an ni kì í wá.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má pa iyán tì. Ẹ dín òkèlè kù díẹ̀, kí ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà pọ̀ sí i.

Ikùn nìkan kì í dá fọn. Ẹ ṣe sit-up títí ilẹ̀ fi ṣú, ọ̀rá ò ní tìtorí ìyẹn kúrò níbẹ̀ nìkan. Bẹ́líìtì tí ẹ fi ń há ikùn mọ́ra, ọjọ́ tí ẹ bá tú u ni ikùn ń padà. Bí ẹ bá sì wọ̀ ọ́ gbé irin, ẹ ò ní lè mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì sàn ju tíì lọ. Ewé senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ tíì tí wọ́n ní ó ń dín sanra kù, ìdílé kan náà ni pẹ̀lú àsúnwọ̀n tí àwọn ìyá wa fi ń ṣí inú. Ìgbẹ́ ló ń mú yín yà. Omi ara ló ń lọ, òṣùwọ̀n á fi kílò méjì dín, inú yín á dùn, ọ̀rá sì wà níbi tó wà. Potassium, èròjà tí ọkàn fi ń lù bó ṣe yẹ, ń bá ìgbẹ́ náà lọ.

Olùkọ́ ilé-ìwé kan wà lábẹ́ mi, ó ń ṣe dáadáa. Ìwé rẹ̀ mọ́, ó ti ń fi kílò 30 lóṣòó. Ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ wá kù díẹ̀, aṣọ ẹbí tó rán sì há a. Ẹnìkan ta tíì fún un lọ́jà, ó ní kó máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́, kó má sì jẹun alẹ́. Kò sọ fún mi. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú nígbà tó dé. Mo bi í, ó ní oorun ni kò tó. Ó gbé irin lé èjìká, ó lóṣòó, ó dìde. Ìgbà kejì tó lóṣòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ojú rẹ̀ sì yí. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀, torí n kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lábẹ́ irin. Mo gba irin, ọmọkùnrin kan sáré gba òun alára. Ní ọsibítù, omi ni wọ́n kọ́kọ́ fà sí i lára. Dókítà ní potassium rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi tí ọkàn fi lè ṣíwọ́.

Mo lọ bá ẹni tó ta tíì náà. Ó ní ìdọ̀tí inú ara olùkọ́ náà ló ń jáde, pé kò mu ún pé ni. Ó tún ní kí èmi náà ra páálí kan! Mo rà á, mo sì gbé e sórí tábìlì wa ní jíìmù kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é lára rẹ̀, kò sí nọ́ńbà NAFDAC.

Olùkọ́ yẹn ti padà, kílò 20 ló tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń mu irú tíì bẹ́ẹ̀, kó sọ fún mi kó tó wọ abẹ́ irin. N kò ní bú u, ṣùgbọ́n kò ní gbé nǹkan kan lọ́jọ́ náà.