Ṣé lóòótọ́ ni pé àpọ́sítírófì ò wúlò mọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì?

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, káàdì ìpè ìgbéyàwó, báńà, ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo ẹ̀ náà ni, tí mo bá sì ti sọ fún kọ́sítọ́mà pé ẹ jọ̀ọ́ àpọ́sítírófì yìí ò yẹ kó wà níbí, tàbí pé ó yẹ kí ọ̀kan wà níbẹ̀ yẹn, èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé "bọ̀dá mi, ta ló ṣì ń lo ìyẹn láyé ìsìnyí?" Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi náà gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní fóònù ti pa á, wọ́n ní àwọn Òyìnbó fúnra wọn ti jù ú nù, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ fi fọ́tò ilé ìtàwé Waterstones hàn mí, ó ní ṣé mo rí i, àwọn tó ń ta ìwé gan-an ti yọ ọ́ kúrò lára orúkọ wọn.

Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ, ibi tí wọ́n bá a dé ni kì í ṣòótọ́.

Fún ẹni tó bá ti gbàgbé, àpọ́sítírófì ni àmì kékeré tó dà bíi kọ́mà àmọ́ tó gun òkè lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń di àyè lẹ́tà tó ti jábọ́ mú, bí "do not" ṣe ń di "don't", ó sì ń sọ ẹni tó ni nǹkan, bíi "Bisi's shop". Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ló wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́ ọ, iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn nìkan ló sì kọ́kọ́ ń ṣe. Ti ẹni tó ni nǹkan, ìgbà tó yá ló dé, òun náà sì tan mọ́ lẹ́tà tó jábọ́, torí láyé àtijọ́ "kinges" ni wọ́n máa ń kọ tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé nǹkan jẹ́ ti ọba, nígbà tí ẹnu ò pe "e" yẹn mọ́, ni wọ́n bá fi àmì rọ́pò ẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sórí Waterstones. Lóòótọ́ ni, January 2012 ni wọ́n yọ ọ́. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá London náà, Harrods ò ní in, Selfridges ò ní in. Ẹni tó bá wọ tíréènì abẹ́ ilẹ̀ ní London, lórí Piccadilly line, ó máa rí Earl's Court tó ní in, ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an ni Barons Court tí kò ní in. Ní 2009 ìgbìmọ̀ ìlú Birmingham ní àwọn ò ní máa fi sára pátákó orúkọ àdúgbò mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó orúkọ ibi, US Board on Geographic Names tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1890, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọn ò ti fẹ́ ẹ nínú orúkọ ilẹ̀ àti omi, ibi márùn-ún péré ni wọ́n tíì yọ̀ǹda fún, Martha's Vineyard ló kọ́kọ́ gbà á ní 1933.

Àmọ́ ẹ wò ó, orúkọ ni gbogbo ìyẹn. Tí nǹkan bá ti di orúkọ, a kì í tú u wò mọ́, ẹni tó ń jẹ́ Adé ò dìgbà tó bá dé adé ká tó dá a mọ̀. Ẹ wọ inú ṣọ́ọ̀bù Waterstones yẹn kan náà, ẹ mú ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì tó bá wù yín, ẹ ṣí i, àpọ́sítírófì ló kún inú ẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Inú gbólóhùn ni iṣẹ́ ẹ̀ wà, kò sì tíì sẹ́ni tó gbaṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀.

Èyí tó dá ọ̀rọ̀ yìí lójú fún mi jù ni ẹjọ́ kan ní Ọsirélíà. Ní October 2020, ajẹ́ńtì ilé kan ní ìpínlẹ̀ New South Wales bínú sí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló bá lọ sórí Facebook, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkùnrin yìí ń ta ilé olówó gọbọi àmọ́ kò lè san "his employees superannuation". Superannuation ni owó ìfẹ̀yìntì tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san fún òṣìṣẹ́ lọ́hùn-ún. Kò fi àpọ́sítírófì sí "employees". Kò tó wákàtí méjìlá tó fi pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́, ọ̀gá ti rí i, ó gbé e lọ sí kóòtù pé ó ba òun lórúkọ jẹ́. Ajẹ́ńtì ní owó tòun nìkan lòun ń sọ, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, "employee's" ló yẹ kóun kọ. Adájọ́ gbé e yẹ̀ wò ní 2021, ó ní bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wà níbẹ̀, ẹni tó bá kà á lè rò pé òṣìṣẹ́ tó pọ̀ ni ò rí owó wọn gbà, pé àṣà ọ̀gá yẹn ni, kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó kọ̀ láti da ẹjọ́ náà nù. Nítorí àmì tí kò tó ìka tín-ín-rín, lórí Facebook o, níbi tí gbogbo wa ti ń sọ pé kò séwu.

Kí ló fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀? Lẹ́nu, "employees", "employee's" àti "employees'", ìró kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwa Yorùbá ní "àwọn", ọmọ mi yàtọ̀ sí àwọn ọmọ mi, etí gbọ́ ọ, ojú rí i. Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú ẹ̀, ibi tí àpọ́sítírófì bá jókòó sí lèèyàn fi ń mọ̀. Ẹ fojú inú wò ó kí bàbá kan fi ìwé ìhágún sílẹ̀ tó kọ "my sons house" síbẹ̀. Ilé ọmọkùnrin kan ni àbí ti gbogbo wọn? Tó bá jẹ́ "my son's", ẹnì kan ló nilé. Tó bá jẹ́ "my sons'", wọ́n jọ ni ín ni. Bàbá ti kú, kò sẹ́ni tó máa bi í.

Àwọn kan máa ní ọ̀rọ̀ tó yí i ká máa tú u sílẹ̀. Ìgbà míì, bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tá a máa ń sọ náà nìyẹn nípa àmì ohùn Yorùbá, àfi ìgbà tẹ́nì kan bá tẹ "mo ti ra oko" ránṣẹ́ tá ò wá mọ̀ bóyá mọ́tò ló rà, àbí irinṣẹ́ ìroko, àbí ilẹ̀ tó fẹ́ dá.

Ẹnì kan sì lè sọ pé ṣebí àwa náà lo àpọ́sítírófì rí tá a sì jù ú nù tí nǹkan kan ò ṣe wá. Òótọ́ ni, ẹ ṣí ìwé orin àtijọ́, ẹ máa rí "l'aiye" àti "n'ile" níbẹ̀, lónìí layé àti nílé la ń kọ. Ṣùgbọ́n "nílé" tá a so pọ̀ ò di ọ̀rọ̀ míì mọ́ wa lọ́wọ́. Ti Gẹ̀ẹ́sì kọ́ o. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára "we'll", ó di kànga, ẹ yọ ọ́ lára "she'll", ó di ìkarahun, ti "he'll" di ọ̀run àpáàdì.

George Bernard Shaw, òǹkọ̀wé ọmọ Ireland tó gba ẹ̀bùn Nobel, kórìíra àmì yìí gan-an, ó tiẹ̀ pè é ní kòkòrò àrùn tí wọ́n ń fọ́n sórí ìwé. "Dont", "havent", "wont" ló ń kọ, kò sì sẹ́ni tó ṣì í kà. Àmọ́ òun náà fi sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ di ọ̀rọ̀ míì, "he'll" yẹn gan-an ló fi ṣàpẹẹrẹ. Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni fóònù tí wọ́n ní ó pa àpọ́sítírófì. Ẹ tẹ "dont" sórí fóònù yín, ọ̀pọ̀ ìgbà òun fúnra ẹ̀ ló máa sọ ọ́ di "don't". Ẹ wá tẹ "its" tàbí "well" tàbí "ill", ó lè jẹ́ kó kọjá lọ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ gidi làwọn náà. Èyí tí Shaw yọ ni fóònù ń bá wa dá padà, èyí tí Shaw ò jẹ́ yọ ló máa ń bọ́ mọ́ fóònù lọ́wọ́. Torí náà tí ẹnì kan bá ní tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò lára "don't" lọ́la ayé ò ní bàjẹ́, mo gbà fún un pátápátá. Àwọn ìyókù ni mi ò lè gbà.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi bulk SMS ránṣẹ́, ẹ ṣọ́ àpọ́sítírófì tó tẹ̀ kọdọrọ tí kọ̀ǹpútà máa ń fi sí i fúnra ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹ̀ lè sọ mẹ́séèjì tí ojú ewé kan ń gba lẹ́tà 160 di 70, ẹ̀ẹ sì sanwó ojú ewé méjì mẹ́ta. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ tiwa náà ń fa irú ẹ̀. Ẹ lo èyí tó dúró gbọnrangandan.)

Fún ẹni tó ṣì wà nílé ìwé sì rèé, WAEC ya máàkì 10 sọ́tọ̀ nínú ìwé àròkọ Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tí wọ́n ń pè ní mechanical accuracy, àmì ìkọ̀wé wà lára ẹ̀.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé àwọn tó ní kò wúlò yìí kan náà ló ń fi síbi tí kò dé rí. "Drink's available." "Rice and bean's." "The Bamidele's cordially invite you." Wọ́n rò pé tí nǹkan bá ti ju ẹyọ kan lọ, ó gbọ́dọ̀ gba àpọ́sítírófì. Rárá o, "s" nìkan ti tó. Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe é, ní England wọ́n máa ń sọ ọ́ mọ́ àwọn tó ń ta èso àti ẹ̀fọ́ torí "tomato's" tí wọ́n máa ń kọ sára pátákó. Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an ń kọ "folio's" àti "comma's" fún nǹkan púpọ̀, ìlànà ló yí padà. Lónìí, ara lẹ́tà ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló kù sí jù, bíi "p's and q's".

Bẹ́ẹ̀ náà ni "its". Tó bá jẹ́ pé "tirẹ̀" lẹ ní lọ́kàn, kò gba àmì, bí "his" àti "hers" ò ṣe gbà á. Tẹ́ ẹ bá lè kà á ní "it is" tàbí "it has" tó sì mọ́gbọ́n dání, ẹ fi àmì sí i. Ẹni tó bá sì ń ṣì í, kó má bínú sí ara ẹ̀, inú òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ ní 1787 gan-an, "it's inspection Laws" ló wà níbẹ̀, níbi tó ti yẹ kó jẹ́ "its".

Padà sórí káàdì ìpè. Ìdílé Bamidele ni "The Bamideles", ó tán. Ìṣòro wà fún àwọn ẹbí ìlú Èkó tí orúkọ wọn ti ní "s" nídìí tẹ́lẹ̀, àwọn Williams, àwọn Davies. Bó ṣe yẹ ká kọ ọ́ ni "The Williamses" àti "The Davieses", mo sì ti tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ìyàwó kan rí, wọ́n wò ó, wọ́n ní kò jọ orúkọ ilé àwọn mọ́. Mo lóye wọn. A wá kọ "The Williams Family", inú wọn dùn, èmi náà sì fọkàn balẹ̀ tẹ káàdì 300.