Bí Rílè Ṣe Ń Tan Iná Àfikún Lára Ọkọ̀

Àwọn tó ń wakọ̀ lóru tàbí nínú kùrukùru máa ń de iná àfikún mọ́ iwájú ọkọ̀. Lójú, iṣẹ́ kékeré ni: gílóòbù méjì, súwíìsì kan, wáyà díẹ̀. Bí èèyàn bá so súwíìsì tààrà mọ́ gílóòbù, yóò tàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yóò máa ṣe bàìbàì, súwíìsì á máa gbóná, nígbà tó bá sì yá, ike rẹ̀ lè yọ́. Rílè, ìyẹn súwíìsì tí iná mànàmáná fúnra rẹ̀ ń ṣí tó sì ń pa, ni kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Gílóòbù 55 wáàtì kan lórí bátìrì 12 fólìtì ń fa nǹkan bí ámípù 4.6, méjì á sì fa ju 9 lọ. Wáyà tó gùn tó sì tín-ín-rín ń jẹ nínú fólìtì kó tó dé ibi tó ń lọ, ohun tó jẹ yẹn ló ń di ooru. Rílè wá pín ọ̀nà sí méjì. Ọ̀nà kékeré ti súwíìsì wọ inú rílè, níbi tí wáyà bàbà wẹ́wẹ́ ti lọ́ mọ́ irin. Bí iná bá gba ibẹ̀, irin náà á di mágínẹ́ẹ̀tì, á sì fa ahọ́n irin kan mọ́ra. Etí á gbọ́ ọ, kà! Ahọ́n yìí ló ń ṣí ọ̀nà ńlá tó ti bátìrì lọ sí gílóòbù. Díẹ̀ báyìí ni súwíìsì ń gbé, kì í sábà ju ìdá mẹ́rin ámípù kan lọ.

Ẹni tó bá dojú rílè délẹ̀ á rí nọ́ńbà lára ẹsẹ̀ rẹ̀, bó ṣe wà nínú ìlànà DIN 72552 ti Jámánì. 30 ń gba iná láti bátìrì, 87 ń gbé e lọ sí gílóòbù. 86 ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ súwíìsì, 85 sì ń lọ sílẹ̀, ìyẹn ara irin ọkọ̀. Kí a ṣọ́ra fún 87a tó wà láàárín àwọn rílè ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún kan: ìgbà tí súwíìsì bá wà ní pípa gan-an ni iná ń gba ibẹ̀. Ẹni tó bá so gílóòbù mọ́ ọn á pa súwíìsì, iná á tàn, orí á sì dà rú.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ojú nẹ́gétífù bátìrì ni a ń kọ́kọ́ tú, òun náà la sì ń dè kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pósítífù la kọ́kọ́ tú, tí sípánà sì kan irin ọkọ̀, iná á ṣẹ́ pàrà lójú ẹsẹ̀.

Fíúùsì, ohun tó ń gé iná bó bá pọ̀ jù, ni ọ̀pọ̀ ń fi síbi tí kò yẹ. Wáyà ló ń ṣọ́, kì í ṣe gílóòbù. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ bátìrì ni àyè rẹ̀, kó má jìnnà ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí méjì lọ. Bí ó bá jìnnà, tí wáyà tó ṣáájú rẹ̀ sì họ mọ́ irin, kò sóhun tí yóò gé iná náà, wáyà á jó. Fíúùsì ámípù 15, aláwọ̀ búlúù, tó fún gílóòbù méjì yẹn, pẹ̀lú wáyà 2.5 mm². Níbi tí wáyà bá ti gba ihò irin kọjá sínú ọkọ̀, kí rọ́bà wà létí ihò náà, torí gbígbọ̀n ọkọ̀ ń sọ etí irin di ọ̀bẹ. Ẹsẹ̀ rílè náà, ìsàlẹ̀ ni kó kọjú sí, kí omi má bàa dúró sínú rẹ̀.

Bí iná bá ṣì ń ṣe bàìbàì lẹ́yìn gbogbo èyí, ojú ilẹ̀, ìyẹn ibi tí wáyà nẹ́gétífù gílóòbù ti kan ara irin ọkọ̀, ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀dà kì í gbé iná. Àfi kí a ha á títí irin á fi máa dán, ká tó de bọ́ọ̀tì mọ́ ọn. Láti mọ̀ dájú, a ó tan iná náà, a ó mú mítà tó ń wọn fólìtì, a ó fi ẹnu rẹ̀ kan sí nẹ́gétífù gílóòbù, ìkejì sí nẹ́gétífù bátìrì. Tó bá sún mọ́ òdo, ilẹ̀ dára. Tó bá kà tó fólìtì kan, ibẹ̀ ni fólìtì ń ṣòfò sí, kí a tú u, ká tún un ha.