Iná Ivankiv Kò Jó Iṣẹ́ Maria Prymachenko Tán

Ẹ dárúkọ Maria Prymachenko, ayàwòrán ilẹ̀ Ukraine, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ogun Ukraine, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Háà, obìnrin tí iná jó gbogbo àwòrán rẹ̀ yẹn!" Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí, mo tún fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Irọ́ ni, bí mi ò tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ pa á.

Iná jó lóòótọ́. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ń gba apá àríwá bọ̀ sí Kyiv, olú ìlú Ukraine, mùsíọ́mù kékeré tó wà ní ìlú Ivankiv gbiná, iṣẹ́ Prymachenko sì wà nínú rẹ̀. Ìjọba Ukraine kéde pé nǹkan bí 25 àwòrán rẹ̀ ló bá a lọ. 25 ni wọ́n wí o. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnu ayé ti sọ ọ́ di "gbogbo ẹ̀".

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tó wà nínú ọgbà Lavra, ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́, ní Kyiv nìkan ní ju 600 iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn ti Ivankiv gan-an kò bá iná lọ tán: àwọn ará ibẹ̀ wọnú ilé náà lójú iná, wọ́n gbé àwòrán jáde. Ọmọ-ọmọ-ọmọ Prymachenko fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fáyé gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ti sunkún àkọ́kọ́ kò dúró gbọ́ ìyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí irọ́ náà tètè wọlé, lójú tèmi, ni pé wọ́n rò pé arábìnrin oko kan lásán ni, tí gbogbo ẹrù rẹ̀ wà nínú yàrá kan lábúlé. Ará oko ni lóòótọ́. Bolotnia, abúlé kan tí kò jìnnà sí Ivankiv, ni wọ́n ti bí i ní 1909. Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú un ní kékeré, ó sì ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ abẹ́rẹ́ í fi ṣọnà sára aṣọ, òun ló sì kọ́ ọ. Nígbà tó ń da gọ̀ọ̀sì, tí í ṣe ìbátan pẹ́pẹ́yẹ, ó ń fi igi ya òdòdó sórí iyanrìn. Lọ́jọ́ kan ó rí amọ̀ tó ní àwọ̀ búlúù díẹ̀, ó bù ú sí ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó gbé e wálé, ó fi kun ògiri ilé wọn. Bí àwọn aládùúgbò ti rí i ni wọ́n ní kó wá bá àwọn náà kun tiwọn.

Ṣùgbọ́n kò jókòó sí Bolotnia. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, wọ́n pè é wá sí ibi iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Kyiv. Ní Kyiv yìí náà ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó fi lè dá dúró. Ní 1936 wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ní 1937 iṣẹ́ náà dé Paris. (Ọ̀rọ̀ ìyìn tí wọ́n ń fi sẹ́nu Picasso, ìlúmọ̀ọ́ká ayàwòrán nì, nípa rẹ̀, èmi ò ní tún un sọ. Irọ́ WhatsApp kan ti tó mi.) Ogun Àgbáyé Kejì dé, ó pa bàbá ọmọ rẹ̀. Ó padà sábúlé pẹ̀lú Fedir, ọmọ wọn, tí òun náà padà di ayàwòrán. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó tún rántí rẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Shevchenko, ẹ̀bùn ńlá fún àwọn oníṣẹ́ ọnà Ukraine, ní 1966.

Bébà ló ń yà á sí, pẹ̀lú ọ̀dà tí wọ́n ń fomi pò. Ẹranko ibẹ̀ kì í ṣe ti inú igbó kankan: òdòdó kún ikùn wọn, ojú wọn dà bí ojú èèyàn. Ẹ yí bébà náà padà, ẹ ó bá ọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan tó yà ní 1983 ń jẹ́ nǹkan bí "Akọ màlúù Ukraine, ọlọ́dún mẹ́ta, ó ń rìn nínú igbó, ó ń kó agbára jọ." Oríkì pọ́nńbélé! Ní 1978 ó ya òmíràn, ó pè é ní "Kí ègún wà lórí ogun núkílíà yẹn". Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni Chernobyl, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tó ń lo agbára núkílíà, bú gbàmù, níbi tí kò jìnnà sí ilé rẹ̀. Kò kó kúrò. Ó ya àwòrán nípa ìyẹn náà, Bolotnia ló sì wà títí ó fi kú ní 1997.

Mo ti padà sórí WhatsApp láti tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ẹni méjì péré ló fèsì. Ọ̀kan ní kí n fi akọ màlúù náà ránṣẹ́ kóun rí i.