Bí Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Ìrànlọ́wọ́ Ṣe Fìdí Múlẹ̀ ní Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá wọ ìpàdé ẹgbẹ́ Rótárì tàbí ti Lions ní Abẹ́òkúta lónìí yóò bá nǹkan mẹ́ta níbẹ̀: àlejò tí wọ́n pè láti wá bá wọn sọ̀rọ̀, owó tí wọ́n ń dá jọ, àti iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe fún ìlú, ìbáà ṣe kànga ẹ̀rọ, àga ilé ìwé tàbí àyẹ̀wò ojú fún àwọn àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òyìnbó ló kó gbogbo rẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ní ti orúkọ àti ìlànà ẹgbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti wà láàárín àwọn Ẹ̀gbá kí wọ́n tó dé. Ìtàn rẹ̀ sì fi hàn pé nínú nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fún láyè láti sọ̀rọ̀ ni ó máa ń yí ẹgbẹ́ padà jù lọ, ju owó lọ pàápàá.

Gbòǹgbò rẹ̀ tó jìn jù lọ ni ààró. Àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn kò jìnnà síra a pa ọwọ́ pọ̀, wọn a ro oko ẹnì kan lónìí, wọn a ro ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Ẹni tí iṣẹ́ bá kàn ni yóò bọ́ àwọn yòókù, kò sì sí ẹni tí ń gba owó ọ̀yà. Ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá ṣì ń gbé inú igbó wọn lábẹ́ àṣẹ Aláàfin Ọ̀yọ́, tí àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin, ń fi ara ni wọ́n, Lísàbí ọmọ Ìtòkú kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti ìlú dé ìlú sínú ẹgbẹ́ ààró rẹ̀. Lójú àwọn ìlàrí, iṣẹ́ oko lásán ni wọ́n ń ṣe. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n ń jókòó, tí wọ́n ń sọ ohun tí ojú ẹnìkọ̀ọ̀kan rí ní ìlú rẹ̀, títí tí wọ́n fi dìde lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n sì gba ara wọn sílẹ̀. Ohun tó jọ mí lójú jù nínú ìtàn yìí ni ìjókòó ẹ̀yìn iṣẹ́ yẹn, nítorí níbẹ̀ ni ìyà tí kálukú ti ń dá jẹ ti di ọ̀ràn gbogbo wọn. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, ààró àti èèsú bá wọn dé ibùdó tuntun náà.

Ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní 1932, àwọn obìnrin kan tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wà ní iwájú wọn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí Abeokuta Ladies Club. Fúnmiláyọ̀, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Béèrè, wà lára àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wọ Abeokuta Grammar School ní 1914, ó sì ti kàwé ní ìlú òyìnbó kó tó padà wá ṣe tíṣà. Ní 1932 yìí kan náà ni ọkọ rẹ̀, Àlùfáà Israel Ransome-Kuti, di ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ tí wọ́n kàwé, tí nǹkan sì rọ̀ ṣọ̀mù fún díẹ̀. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè, wọ́n ń ṣe ìtọrẹ àánú, wọ́n sì ń ran ara wọn lọ́wọ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré èyí. Ẹgbẹ́ tí kò bá kọ́ láti pé jọ ní àkókò, láti kọ orúkọ sílẹ̀ àti láti pa owó mọ́ kò lè gbé ẹrù tó wúwo nígbà tó bá dé.

Ẹrù náà dé láàárín ọdún 1940 sí 1949. Ọ̀rẹ́ Béèrè kan tí kò mọ̀wé bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun ní ìwé kíkà. Láti inú ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo yìí ni ẹgbẹ́ ti ṣí kíláàsì fún àwọn obìnrin ọjà, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti yí padà. Àwọn tó wá kàwé kò wá pẹ̀lú síléètì nìkan. Wọ́n kó ọ̀ràn wọn wá. Wọ́n ròyìn bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láìsan owó tó yẹ. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa owó orí tí ìjọba ti ń gbà lọ́wọ́ obìnrin ní Abẹ́òkúta láti 1918, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti di asanwó orí. Àwọn tíṣà tó jókòó láti kọ́ni wá di ẹni tí wọ́n ń kọ́. Ẹgbẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ìrẹsì lọ sí iwájú ìjọba, ọ̀rọ̀ náà dé inú ìwé ìròyìn, gbígbà náà sì dáwọ́ dúró.

Ní 1946 ni wọ́n pa orúkọ ẹgbẹ́ dà sí Abeokuta Women's Union, tí wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo obìnrin ìlú, mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tàbí púrúǹtù, onígbàgbọ́, mùsùlùmí tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Béèrè fi aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ń wọ ìró àti bùbá, Yorùbá ló sì ń sọ níbi ìpàdé, àní nígbà tó bá dojú kọ àwọn aláṣẹ òyìnbó, tí wọ́n fi ní láti wá ògbufọ̀. Lójú tèmi, ìpinnu yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ètò ẹgbẹ́ náà, nítorí pé bí èdè ìpàdé bá jẹ́ èyí tí aláṣọ òkè àti alátà kò gbọ́, ìjókòó lásán ni wọ́n pè wọ́n wá ṣe. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ tó ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Owó tí wọ́n ń dá, kékeré kékeré, ni wọ́n fi ń gba lọ́yà fún àwọn tí ọlọ́pàá bá mú. Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn dó sí iwájú ààfin Aláké, tí wọ́n ń fi orin sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀, a fagi lé owó orí tí wọ́n dá yọ sọ́tọ̀ fún obìnrin, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú.

Ìdí tí mo fi pẹ́ lórí èyí ni pé irú nǹkan kan náà ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè. Paul Harris, lọ́yà kan ní Chicago, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀ Rótárì ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1905; wọ́n ń pàdé ní ọ́fíìsì ẹnì kan lẹ́yìn òmíràn, bí ààró ṣe ń kárí oko, òwò àti ọ̀rẹ́ ló sì kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀. Ilé ìyàgbẹ́ ìgboro wà lára iṣẹ́ ìlú tí wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Lions, tí Melvin Jones dá sílẹ̀ ní 1917, rí iṣẹ́ tirẹ̀ láti ẹnu àlejò: ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1925, ní Cedar Point ní Ohio, Helen Keller, obìnrin tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, dìde níwájú ìpàdé wọn, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbèjà àwọn afọ́jú. Àyẹ̀wò ojú tí wọ́n ń ṣe káàkiri títí dòní ti inú ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn wá.

Ní ti owó, Arch Klumph, ààrẹ Rótárì nígbà náà, ló dábàá àpò owó Rótárì ní 1917. Dọ́là 26 àti sẹ́ǹtì 50 ni ẹ̀bùn tó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Àpò yẹn ló dàgbà tó fi lè dojú kọ àrùn rọmọlápá rọmọlẹ́sẹ̀, láti orí àwọn ọmọdé ilẹ̀ Philippines ní 1979 dé ètò ńlá ti 1985, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà náà fi bá àwọn olùtọ́jú rìn láti ilé dé ilé. Jonathan Majiyagbe, lọ́yà láti Kánò, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ Rótárì lágbàáyé, ní 2003 sí 2004. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé irú àrùn náà tó ń jà fúnra rẹ̀, ìyẹn èyí tí kò ti inú àjẹsára wá, ti tán ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Nígbà tí irú ẹgbẹ́ báyìí dé Abẹ́òkúta, ìlú tó ti mọ ìdáwó ni wọ́n bá. Ayẹyẹ ìkówójọ, tí alága ń jókòó sí iwájú, tí wọ́n ń pe orúkọ ẹni tó dáwó, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń wọ aṣọ kan náà, kò ṣàjèjì sí ẹni tó ti rí ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àpèjẹ ẹgbẹ́ ní Aké. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí i, dókítà, ọ̀gá báǹkì àti olóyè ni wọ́n sábà máa ń pè wá sọ̀rọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n pe aládìrẹ láti Ìtòkú tàbí ẹlẹ́ja láti Lafẹ́nwá. Bẹ́ẹ̀, àwọn ló mọ ibi tí omi kò dé àti ilé ìwé tí òrùlé rẹ̀ ń jò.

Ọkùnrin nìkan ni àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ń gbà tẹ́lẹ̀. Ní 1987 ni Lions ṣí ilẹ̀kùn fún obìnrin. Ọdún yẹn náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé òfin ìpínlẹ̀ lè mú kí Rótárì gba obìnrin, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ náà sì dìbò ní 1989 pé kí obìnrin máa wọlé níbi gbogbo. Nígbà náà, ó ti di ọdún 43 tí àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta ti ní ẹ̀tọ́ láti jókòó nínú ẹgbẹ́ tiwọn, kí wọ́n dá owó tiwọn, kí wọ́n sì dìde sọ̀rọ̀ ní èdè tiwọn.