Làmídì: ibi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá

Kò sí Lárúbáwá kan tó ń jẹ́ Làmídì. Ọ̀dọ̀ wọn lorúkọ náà ti wá o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró ní Mẹ́kà tí ẹ pariwo "Làmídì!", ọmọ Yorùbá ni yóò dá yín lóhùn.

Abdul-Hamid lorúkọ ọ̀hún ní kíkún. Abd ni ẹrú. Al-Hamid sì wà lára orúkọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tí Mùsùlùmí fi ń ké pe Ọlọ́run: Ọba tí ìyìn tọ́ sí. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ kan náà ni Muhammad, Ahmad àti Mahmud ti yọ, ibẹ̀ náà sì ni "alhamdulillahi" tí à ń sọ lẹ́yìn oúnjẹ ti wá.

Bó ṣe di Làmídì gan-an ló dùn. Ọ̀nà ọ̀fun ni Lárúbáwá ti ń gbé h tó bẹ̀rẹ̀ Hamid jáde, ahọ́n tiwa kò sì ní irú rẹ̀. Bí h ti bọ́, "amid" ló kù, l tó parí Abdul bá lẹ̀ mọ́ ọn. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, la bá fi fáwẹ́lì "i" tì í lẹ́yìn: Àbúdùlàmídì. Ta ni yóò máa fi gbogbo ìyẹn pe ọmọ wá jẹun? Wọ́n gé e lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Abdul-Aziz ṣe di Lásísì. Kàrímù àti Gàníyù kò mú l dání ní tiwọn, torí wọ́n ní kọ́ńsónáǹtì tí ẹnu wa lè pè níwájú. Ti Ràímì àti Sàlámì tún yàtọ̀: Lárúbáwá fúnra wọn kì í pe l níbẹ̀, Abdur-Rahim àti Abdus-Salam ni wọ́n ń wí. Àwọn obìnrin ń jẹ́ Àmídátù láìsí l, nítorí kò sí Abdul níwájú tiwọn.

Àwọn ààfáà kan kò fẹ́ kí á gé Abdul kúrò. Wọ́n ní bí a bá yọ ẹrú, orúkọ Ọlọ́run la fi ń pe ènìyàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ lójú tèmi, l yẹn ń jẹ́rìí pé Abdul ti wà níwájú rẹ̀ rí. (Làmídò àwọn Fúlàní, tó túmọ̀ sí ọba, kò bá Làmídì tan rárá.)

Abdul-Hamid kan wà tí Èkó kò lè gbàgbé: Sultan Abdul Hamid Kejì, tó jọba ilẹ̀ Tọ́kì láti 1876 di 1909. Òun ló fi Mohammed Shitta jẹ oyè Bey. Oníṣòwò ńlá ni Shitta, Sàró ni wọ́n bí i sí, owó ara rẹ̀ ló sì fi kọ́ mọ́ṣáláṣí òpópónà Martins tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, 1894. Abdullah Quilliam, òyìnbó agbẹjọ́rò ará Liverpool tó ti gba Ìsìláàmù, ló wá ṣojú Sultan. Mi ò torí ìyẹn sọ pé Sultan yìí ló mú orúkọ náà wá o. Ẹ̀sìn Ìmàle ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́ kí wọ́n tó bí i.

Nínú àwọn Làmídì tó lókìkí, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta, tó wàjà ní 2022, ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Èmi fẹ́ràn ti Làmídì Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún. Mùsùlùmí ni, Ifá wà nínú orúkọ ìdílé rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ọnà fún ìjọ Àgùdà, òun náà ló sì gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní yunifásítì Ifẹ̀.

Hameed tàbí Abdul-Hameed làwọn òbí ìsinsìnyí ń kọ sínú ìwé ìbí ọmọ. Làmídì wá di orúkọ bàbá àgbà tí wọ́n ń fi parí orúkọ. Ẹ ó rí ọmọ tó ń jẹ́ Hameed Làmídì báyìí, orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì fu ú lára.