Síǹkì kọ́ ló ń wo òtútù àyà

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, Ìyá Àyọ̀ tá a jọ ń gbé agboolé kan nítòsí Ọjà Jagun, Ògbómọ̀ṣọ́, kanlẹ̀kùn mi ní kùtùkùtù, ọmọ lẹ́yìn ẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìdajì ni kí n fún un àbí odidi?" Oògùn síǹkì oníhóró ló dì mọ́wọ́, èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí ọmọ náà ń yàgbẹ́ gbuuru. Ikọ́ ló wá ń ṣe é báyìí. Ẹni tó ń ta oògùn ti sọ fún un pé síǹkì náà ń wo òtútù àyà.

Mi ò bá a wí. Síǹkì (kì í ṣe páànù orí ilé o) wúlò fún ìgbẹ́ gbuuru lóòótọ́. Láti 2004 ni WHO (àjọ ìlera àgbáyé) àti UNICEF (àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé) ti ní ká máa lò ó pẹ̀lú ORS (oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tá a ń pò mọ́ omi): 20 mg lójúmọ́ fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, 10 mg fún èyí tí kò tíì pé, fún ọjọ́ 10 sí 14. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá ti dá lọ́jọ́ kẹta, ìyá ọmọ á tọ́jú ìyókù. Bó ṣe ń di oògùn ikọ́, oògùn ibà, oògùn ohun gbogbo nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Ní 2004 yẹn kan náà, ìwádìí kan ní Bangladesh rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní síǹkì tètè gbádùn nínú òtútù àyà tó le. Àwọn tó tún un ṣe ní Íńdíà àti Uganda kò rí i pé ara ọmọ tètè yá. Ibi tọ́rọ̀ sì ti já bọ́ kó tó dé ọjà ni pé gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń lo oògùn apakòkòrò (antibiotic). Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n fi síǹkì sí.

Orúkọ òtútù àyà gan-an ń tan wá jẹ. Òtútù kọ́ ló ń fà á. Kòkòrò àìfojúrí ló wọ ẹ̀dọ̀fóró, omi àti ọyún wá gba ibi tó yẹ kí afẹ́fẹ́ gbà. Síǹkì kì í pa kòkòrò yẹn, àdín tá a fi ń pa àyà ọmọ náà kò lè dé ibẹ̀. Amoxicillin, oògùn apakòkòrò kan, ni wọ́n sábà máa ń fún ọmọ, bí ọmọ bá sì ṣe wúwo tó ni wọ́n ń wò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ń dènà díẹ̀ nínú àwọn kòkòrò náà.

Mo ní kó gbé Àyọ̀ lé ẹsẹ̀, kó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. A dúró títí ó fi dákẹ́ ẹkún, mo wá fi fóònù ka ìṣẹ́jú kan gbáko, bí ikùn bá ti gbéra, mo kà á sí èémí kan. 54. Ọmọ oṣù 14 ni. Bó bá ti tó 40 fún ọmọ tó ti pé ọdún kan, ó ti yá jù. Fún ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá, 50 ni. Fún ìkókó tí kò tó oṣù méjì, 60. Nígbà náà ni ìyá ẹ̀ wá rí ohun tí ẹ̀wù ti ń bò: bó bá ti mí sínú, abẹ́ egungun ìhà ẹ̀ á jìn wọlé.

A kò jẹun kí á tó gbéra lọ sí ilé ìlera. Bí kò bá lè mu ọmú ni, tàbí tó ń bì gbogbo nǹkan, tí gìrì mú un, tàbí tó ń sùn tí kò ṣeé jí, ọsibítù ńlá là bá gbà lọ tààrà. Wọ́n fún un ní amoxicillin tó ń yọ́ nínú omi, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ní kó gbé e wá kí n tún kà á. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, mo ti kà á kó tó jí. 34 ni."